Àgò Irin Inú Ọkọ̀ Funfun

Òórùn irin tó ń jó kì í tètè kúrò lára èèyàn. O lè fi kànìnkànìn ha ara rẹ, o lè wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ àti nínú irun rẹ. Òórùn yẹn ló wà lára mi ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe wẹ́dà létí títì tó ti Ẹdẹ lọ sí Sekona, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, tí ọṣẹ gan-an sì ti di ohun tí à ń tò lórí ìlà kí a tó rí rà. Àwọn iléeṣẹ́ ń lé òṣìṣẹ́ wálé. Irin kì í wọlé láti òkè òkun bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, débi pé géètì àtijọ́ tó ti dógùn-ún la máa ń gé láti fi ṣe fèrèsé tuntun fún ọkọ ìyàwó.

Gbogbo wa la ń fura sí ara wa nígbà náà. Ẹni tó bá kun ilé rẹ̀, a ó béèrè ibi tó ti rí ọ̀dà. Ẹni tó bá gbé àpò ìrẹsì kan wọlé, a ó ní ṣé kì í ṣe pé ó ń kó oúnjẹ pamọ́ kí ó lè wọ́n. Rédíò ń ké lójoojúmọ́ pé kí aráàlú máa ṣọ́ àwọn tó ń ba ohun ìní ìjọba jẹ́, ó sì dà bíi pé èmi gan-an ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo sì gbà pé ojú mi mú ju ti ẹlòmíràn lọ. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Èmi tí n kò tíì dàgbà, mo ń mu oògùn náà bí ẹni ń mu omi.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ọkọ̀ funfun kan yà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo wo inú rẹ̀, mo sì sún sẹ́yìn. Kò sí àga lẹ́yìn. Dípò àga, páìpù irin ló wà nínú rẹ̀, wọ́n yọ láti ilẹ̀, wọ́n fara ti òrùlé, wọ́n wá yí ìjókòó awakọ̀ ká bí àgò tí wọ́n fi ń dé adìyẹ. Panẹ́bítà tí a jọ wà ní ojúkò kan náà fi òòlù rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn yí ọkọ̀ náà po, ó sì wá sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Ọkọ̀ fàyàwọ́ nìyí. Ara àwọn irin yẹn ni wọ́n ń so ẹrù mọ́. Bí kò bá jẹ́ fàyàwọ́, á jẹ́ ti àwọn adigunjalè."

Ẹni tó wà á wá jẹ́ ọkùnrin tó tó ọmọ ogójì ọdún, ó ga, ó gbẹ, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Wẹ́dà, irin inú ọkọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí o tún ṣe. Wọ́n ní kò bófin mu."

"Òfin wo, sà?"

"Òfin eré ọkọ̀."

Ó wá ṣàlàyé. Awakọ̀ ló jẹ́ tẹ́lẹ̀ ní iléeṣẹ́ kan tó ń la títì. Nígbà tí ìjọba kò rówó la títì mọ́, wọ́n ti iléeṣẹ́ náà pa, wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé. Ó wá gbọ́ pé àwọn kan tó ń ta ọkọ̀ n'Íbàdàn ń wá awakọ̀ tí yóò máa bá wọn sáré, wọ́n sì fẹ́ mú un nínú àwọn tó bá yege nínú ìdíje kan tí yóò wáyé lójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì dá a padà. Wọ́n ní bí ọkọ̀ náà bá dojú dé, irin inú rẹ̀ kò lè gba òun là. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n fún un láti tún un ṣe.

Ó nawọ́ ìwé pẹlẹbẹ kan sí mi. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀, ìwé mẹ́ta tí mo kà ní iléèwé Modern sì tó mi láti fi tú u díẹ̀díẹ̀. Irin ńlá kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè lẹ́yìn orí awakọ̀. Òmíràn gbọ́dọ̀ dábùú rẹ̀. Ẹsẹ̀ irin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró lórí irin pẹlẹbẹ, kí irin pẹlẹbẹ mìíràn wà lábẹ́ ọkọ̀, kí bóòtù so méjèèjì pọ̀, kí ẹsẹ̀ náà má baà gún ilẹ̀ ọkọ̀ yọ nígbà tí ọkọ̀ bá takìtì. Gbogbo oríkèé gbọ́dọ̀ jó yíká, kò gbọdọ̀ ku ibì kankan. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé wọ́n ní kí á lu ihò kékeré kan sára irin ńlá náà, kí ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò lè fojú ara rẹ̀ rí bí irin náà ṣe nípọn tó. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àwọn tó kọ ìwé yìí mọ ayé, wọn kò gba ọmọ aráyé gbọ́.

Mo gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń lu irin, mo lu ihò náà níṣojú rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí irin náà fi lu, bí ẹni ń lu agolo. Omi pupa ṣàn jáde, ó sì kán sí mi lẹ́sẹ̀. Mo tún fi òòlù kékeré lu oríkèé kan tí wọ́n kùn dáadáa, ọ̀dà ṣí, bọ́dì fílà funfun, ohun tí wọ́n fi ń dí ojú ihò lára ọkọ̀, ló wà lábẹ́ rẹ̀. Wọn kò jó ibẹ̀ rárá. Ńṣe ni wọ́n rẹ́ ẹ bí ẹni ń rẹ́ ògiri.

Mo ní, "Sà, èyí kò ṣe é tún ṣe. Ẹ jẹ́ ká tú gbogbo rẹ̀ jáde."

Ó wò mí títí. Mo mọ ohun tó ń rò. Ó rò pé mo fẹ́ sọ iṣẹ́ kékeré di ńlá. Ó ní, "Gé e kí n rí i." Mo mú ayùn irin, mo gé e. Ó ti ìka bọ inú páìpù náà, ìpáàrà sì bò ó lọ́wọ́ dé oríkèé kejì. Páìpù omi lásán ni, kò sì nípọn ju èèpo ẹ̀pà lọ.

Mo bi í pé, "Ta ló ṣe é fún yín?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni."

Ó jókòó sórí táyà kan, ó ń wo ìka rẹ̀. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ní òun ń lọ wá irin gidi. Mo ní lọ́kàn mi pé, níbo? Èmi tí mo ń fi irin jẹun, ó ti tó oṣù mélòó kan tí n kò tíì fojú kan páìpù tó nípọn.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló padà dé, pẹ̀lú páìpù mẹ́rin lórí ọkọ̀ akẹ́rù kan. Mo gbé ọ̀kan, mo sì ní láti fi orúnkún tì í. Irin gidi ni, ó nípọn, kò ní ojú ìjó kankan lára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, irú èyí tí ìwé náà ń bèèrè gan-an. Inú mi ìbá dùn. Ṣùgbọ́n mo wo ìdí àwọn páìpù náà, mo rí i pé amọ̀ pupa tútù ṣì lẹ̀ mọ́ wọn, ó tó ẹsẹ̀ bàtà kan sókè. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú wọn nínú ilẹ̀ ni.

Ó yẹ kí n sọ pé ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ẹ̀rọ omi àdúgbò wa kò yọ. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé àwọn olè ti ń hú páìpù omi ìjọba tà.

Mo bi í pé, "Níbo lẹ ti rí irin báyìí, sà?"

Ó gbójú kúrò lára mi. "Ìyẹn ò kàn ọ́. Ṣáà bá mi jó o."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí. Bí ó bá ti purọ́ fún mi, bóyá n bá gbà á gbọ́. Mo ṣe bí ẹni pé ẹlẹ́tiródù tí mo fi ń jó irin ti tán, mo ní kó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Páńsá ò fura, páńsá jáná. Àjà ò fura, àjà jìn. Mo ń rí ara mi níwájú ìgbìmọ̀ àwọn ológun, pẹ̀lú páìpù ìjọba ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí panẹ́bítà sì ń jẹ́rìí pé òun ti kìlọ̀ fún mi.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, mo bá sájẹ́ńtì ọlọ́pàá kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi. Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ gba ìmọ̀ràn ni. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ níí fọ́. Ní Monday, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti gbé ọkùnrin náà nílé rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, obìnrin kan dé ṣọ́ọ̀bù mi, ó so ìborùn mọ́ ìdí, ó sì dúró ní iwájú ọkọ̀ funfun náà. Ìyàwó awakọ̀ náà ni. Mo rò pé èébú ló gbé wá.

Ó ní, "Wẹ́dà, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ti mú ọkọ mi."

"Mo gbọ́, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ẹ má pẹ̀lẹ́ mi. Mi ò mọ ẹni tó lọ sọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ kí Ọlọ́run bá mi bù kún un. Ọkọ mi kì í jalè, wọ́n á tú u sílẹ̀. Kí wọ́n ṣáà pa á mọ́ síbẹ̀ títí eré yẹn yóò fi kọjá. Lóòótọ́ ni, mo ń fẹ́ kó ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n òkú kì í ṣiṣẹ́."

Ó yíjú padà, ó lọ. Èmi tó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀, ńṣe ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí òun náà. Irú ìyàwó wo ló ń fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ wà látìmọ́lé? Bẹ́ẹ̀ ni orí mi ṣe rí nígbà náà.

Ní Wednesday, sájẹ́ńtì wá mú mi. Ó ní awakọ̀ náà ti jẹ́wọ́ pé Alajue, lóko bàbá òun, ni òun ti rí irin náà, àti pé èmi tí mo mọ irin ni n ó bá wọn wò ó. N kò rí ọ̀nà sá. A jọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá, awakọ̀ náà lápá kan, èmi lápá kejì. Kò wò mí. Kò sì bi mí pé kí ni mo wá ṣe.

Nígbà tí a dé agboolé náà, màrìwò tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ rí, èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sì ti sé ọkàn mi le kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Bàbá arúgbó kan ń pa àgbàdo níwájú ilé. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí ọmọ wọn láàárín àwọn ọlọ́pàá, wọ́n sì fi igbá àgbàdo sílẹ̀.

Sájẹ́ńtì ní, "Bàbá, ọmọ yín ní ọ̀dọ̀ yín lòun ti rí páìpù irin mẹ́rin."

Bàbá nawọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn. Òpó mẹ́fà ló gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dúró. Mẹ́rin jẹ́ igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, èèpo ṣì wà lára wọn, yẹ̀pẹ̀ ìdí wọn kò sì tíì gbẹ. Méjì tó kù lápá ọ̀tún jẹ́ irin. Mo súnmọ́ ọn. Mo fi ìwọ̀n mi wọ̀n ọ́n, mo sì tún un wọ̀n, bóyá nítorí pé mo ń wá ìdí tí n kò fi ní jẹ̀bi. Irin kan náà ni.

"Ilé ìlagi àwọn òyìnbó ni mo ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe mi," bàbá ló ń sọ̀rọ̀. "Wọ́n ní ìkòkò ńlá kan tí wọ́n fi ń ho omi fún ẹ̀rọ. Inú rẹ̀ ni àwọn irin yìí wà. Nígbà tí wọ́n ń kó lọ, wọ́n ní kí oníkálukú wa mú ohun tó bá lè rù. Èmi àti àwọn àbúrò mi ru mẹ́fà wálé, mo sì fi ṣe òpó ilé."

Sájẹ́ńtì bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin lẹ wá hú u fún un?"

"Èmi ni. Òun kò bèèrè. Ó wá jókòó síbí, ó ní irin inú ọkọ̀ òun kò dára, òun kò sì rí òmíràn. Èmi kò fẹ́ eré náà, ẹ bi í. Mo ti sọ̀rọ̀ títí. Ṣùgbọ́n bí yóò bá lọ náà, ṣé kí n wá jẹ́ kó lọ ní ìhòòhò?"

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú awakọ̀ náà. Omi ló kún un. Mo wá mọ̀ pé ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ fún mi níbi tó ti rí irin. Ọkùnrin ogójì ọdún, tó yẹ kó máa kọ́lé fún bàbá rẹ̀, ni bàbá wá ń hú òpó ilé fún.

Bàbá yíjú sí mi. Wọ́n wo àpá iná tó wà lọ́wọ́ mi méjèèjì. "Ìwọ ni wẹ́dà tó ń ṣe é?"

"Èmi ni, bàbá."

"Jó o dáadáa."

Wọ́n padà sídìí àgbàdo wọn. Ìlẹ̀kùn ìbá ṣí nínú ilẹ̀, n bá wọlé.

Wọ́n tú awakọ̀ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó dé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi, ó ní, "Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án." Kò sọ nǹkan kan nípa ọlọ́pàá. Mo da yanrìn gbígbẹ kún inú páìpù, mo dí i lẹ́nu, mo fi iná mú un rọ̀ kí ó lè tẹ̀ láìwúnjọ. Mo gé irin pẹlẹbẹ fún ẹsẹ̀ rẹ̀, mo lu ihò sí i, mo fi bóòtù so ó mọ́lẹ̀, mo tún lọ sábẹ́ ọkọ̀ lọ fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná mànàmáná ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbàkúùgbà tó bá lọ lójú ìjó, mo máa ń gé ibẹ̀ kúrò, kí n tún un bẹ̀rẹ̀. Oríkèé kan wà lókè ọ̀tún awakọ̀ tí mo jó lẹ́ẹ̀mẹta. Panẹ́bítà ní orí mi ti dàrú.

Gbogbo àsìkò yìí, ọkùnrin náà ń wò mí. Mo rò pé ó ń dúró de ọjọ́ tí yóò gbẹ̀san. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ra bọ̀ọ̀lì, ó dá a sí méjì, ó nawọ́ ọ̀kan sí mi. Mo dúró kó kọ́kọ́ jẹ tirẹ̀ kí n tó fẹnu kan tèmi. Ó rí i. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ń jẹ bọ̀ọ̀lì rẹ̀ lọ.

Mo bá a dé ibi àyẹ̀wò n'Íbàdàn. Ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò ti nǹkan ìwọ̀n bọ inú ihò tí mo lu, ó fi òòlù kékeré lu gbogbo oríkèé, ó ń dẹtí sí i. Ó dé orí èyí tí mo jó lẹ́ẹ̀mẹta, ó lu ú, ó tún lu ú. Ó wá lu òǹtẹ̀ sórí ìwé náà, ó ní, "Ó bófin mu."

N kò dúró wo eré náà. Mo padà sí Ẹdẹ, mo sì ń fa irin lásán kiri ṣọ́ọ̀bù. Ìròyìn ló dé bá mi ní ọjọ́ kejì. Ọkọ̀ funfun náà sá eré dáadáa, ó wà nínú àwọn tó ṣáájú, kí táyà iwájú kan tó bẹ́ ní kọ́nà. Ọkọ̀ náà ta òkìtì lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dojú dé sínú kòtò. Wọ́n ní àwọn tó sáré débẹ̀ kò fẹ́ wo inú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wọ́ ọ dé ṣọ́ọ̀bù wa, ara ọkọ̀ náà ti wúnjọ bí bébà. Gíláàsì kò ku ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n àgò irin náà dúró láàárín rẹ̀ bí ilé. Panẹ́bítà ṣí fìlà rẹ̀. Mo yẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan wò, kò sí èyí tó ṣí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìyàwó awakọ̀ náà tún wá. Ó ní egungun èjìká ọkọ òun ló ṣẹ́, pé ó ti ń jẹun, ó sì ti ń bínú, ara rẹ̀ ti ń yá nìyẹn. Mo ní ká dúpẹ́. Kò lọ. Ó tún ìborùn rẹ̀ so.

"Ó ní kí n sọ fún yín pé láti ọjọ́ tí ẹ ti bá òun jókòó sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá lòun ti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ lọ sọ̀rọ̀ òun."

Mo gbé irin tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀.

"Mo bi í pé kí ló dé tó fi tún gbé ọkọ̀ padà wá fún yín. Ó ní ọ̀rẹ́ tí òun gbà gbọ́, tó sì gba òun gbọ́, ẹni náà ló fi bọ́dì fílà rẹ́ irin fún òun. Ó ní ẹni tó bá lè fura tó báyẹn, kò ní jó irin kó má padà wò ó."

Ó kí mi, ó lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí, n kò sì ṣe iṣẹ́ kankan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó ti pẹ́. Egungun èjìká náà jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́, kò sì tún sáré ọkọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, ó wá ń wa ọkọ̀ àgbẹ̀ láàárín ìlú Ara àti Ẹdẹ, ó ń kó iṣu àti ẹ̀gẹ́, ó sì máa ń fun fèrè bó bá ń kọjá ní iwájú mi. Mo máa ń na ọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo múra láti lọ bẹ̀ ẹ́ dáadáa, ní ẹnu, bí ọmọlúàbí. Bí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ òjò tàbí ọ̀rọ̀ epo ni à ń sọ. Nígbẹ̀yìn, ó kú ní ọjọ́ ogbó, lórí ibùsùn ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èmi náà ti di àgbà báyìí, mo sì lè lo oògùn àgbà láìsí ẹni tí yóò bi mí. Mo ti mọ̀ pé ó ṣe é lò lára irin ju ara èèyàn lọ. Irin kò ní bàbá tó ń pa àgbàdo lóko. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ọkùnrin náà dárí jì mí, tàbí ó kàn rí ìwà mi, ó sì fi ṣe ohun tó wúlò fún un. Mo fura pé méjèèjì ni.